Ajá Nídìí Àwo Oúnjẹ: Ààyè Wo Ni Ó Tọ́ Sí I?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣe ajá ni ó jókòó ti àgbà nídìí oúnjẹ, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ènìyàn ń jẹun nínú ilé, ajá ń jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, oníkálukú sì mọ ààyè rẹ̀. Ní ìlú ńlá òde òní, ilé ti di búkà, ẹ̀yìn ilé ti di títì, ààlà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì sì ti parẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Ìkẹjà àti Agége mọ bí ọ̀sán ti máa ń rí níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà ni àwọn olóńjẹ ti ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ bí òjìji. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ti hù ni búkà náà ń hù, láti òpópónà Ọba Akran dé Àgídìngbì, láti Ọ̀gbà títí dé Oko-Ọba. Bí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá ti tó, àwọn òṣìṣẹ́ a tú jáde, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan a pe àmàlà àti ewédú, èkejì a pe ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ̀kẹta a ní kí wọ́n fi ṣàkì méjì sí i. Kí òkèlè àkọ́kọ́ tó kọjá ọ̀fun, ajá ti dé abẹ́ tábìlì. Kò gbó, kò jà. Ẹnu ẹni tí ń jẹun ni ó tẹjú mọ́. Bí eegun bá já bọ́, tirẹ̀ ni. Bí kò bá tí ì já bọ́, yóò dúró dè é.

Àwọn kan kò ka èyí sí nǹkan kan. Àwọn mìíràn a ta kété, wọn a gba búkà mìíràn lọ. Ṣé ó yẹ kí a lé ajá kúrò níbi tí ènìyàn ti ń jẹun pátápátá ni, àbí kí a fi í sílẹ̀ kí ó máa bá wa gbé bí ó ti ń bá wa gbé? Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnùkùn wò ó, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè wà nínú rẹ̀.

AJÁ MẸ́TA, ORÚKỌ KAN

Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ajá tí à ń bá ṣẹjọ́, nítorí pé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Èkíní ni ajá ìgboro. Ó lè ní olówó, ó sì lè má ní. Bí ó bá tilẹ̀ ní i, olówó rẹ̀ kì í so ó mọ́lẹ̀, kì í sì í bọ́ ọ yó. Ààtàn, ẹ̀yìn ọjà àti àyíká ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko-Ọba ni ó ti ń wá ìjẹ. Búkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀.

Èkejì ni ajá ọdẹ. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni í, tàbí kí ó jẹ́ ti ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Lóru, ajá yìí ń ṣiṣẹ́ takuntakun. Lọ́sàn-án, ó di ọ̀rẹ́ olóńjẹ. Owó oṣù ọdẹ kò pọ̀ débi tí yóò fi ra ẹran fún ajá, nítorí náà eegun búkà ni oúnjẹ rẹ̀. Olóńjẹ náà kò sì fẹ́ lé e, nítorí pé ajá yìí ni ó ń lé eku, òun náà ni kì í jẹ́ kí olè sún mọ́ ìkòkò àti bẹ́ǹṣì rẹ̀ lóru. Àdéhùn ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ajá àwọn tí ọwọ́ wọn gbẹ́nu. Èyí ń gbé inú ọgbà olódi ní adúgbò GRA ní Ìkẹjà. Ó ní dókítà tirẹ̀, ó ní ọṣẹ ìwẹ̀ tirẹ̀, inú mọ́tò ni ó sì ń jókòó sí. Olówó rẹ̀ kà á sí ọmọ. Bí ó bá ń lọ sí ilé oúnjẹ ìgbàlódé tí ó ní àga àti tábìlì ní gbangba ìta, ó fẹ́ kí ajá rẹ̀ bá a lọ, nítorí pé ó ti rí i bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

Ẹni tí ó bá sọ pé kí a gba ajá láàyè, ẹ̀kẹta yìí ni ó máa ń ní lọ́kàn. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a lé ajá, èkíní ni ojú rẹ̀ ń rí. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn náà kì í fi í tán. Èkejì tí ó wà láàrin wọn ni ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ó pọ̀ jù lọ ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́.

OJÚ TÍ YORÙBÁ FI Ń WO AJÁ

Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò fẹ́ràn ajá. Irọ́ gbáà ni. Ajá ni alábàárìn ọdẹ nínú igbó. Òun ni ẹran Ògún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ àti gbogbo ẹni tí ń fi irin wá oúnjẹ òòjọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn bàbá wa a máa fi ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sọ ajá lórúkọ, bíi Tanímọ̀la, kí wọ́n lè máa pe ajá kí ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú ìtàn àlọ́, nígbà tí ìyàn mú, tí gbogbo ẹranko fi ohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù pa ìyá rẹ̀ jẹ, Ajá ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Ẹ̀dá tí a bá kórìíra, a kì í fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ bọ̀ ọ́ lára.

Síbẹ̀, àṣà fi ààlà sí i. Ìdí àkọ́kọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ní agboolé àtijọ́, bí ọmọ ọwọ́ bá yàgbẹ́ sílẹ̀, ajá ni wọ́n máa ń pè kí ó wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹ̀bá àwo ọbẹ̀. Ìdí kejì jẹ́ ti ìwà ọmọlúàbí. Yorùbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ẹnu ẹni tí ń jẹun. Ọmọ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò ṣẹ́jú sí i, bí kò bá sì gbọ́, yóò gbá a létí nígbà tí àlejò bá lọ tán. Ajá kò mọ ìṣẹ́jú; wíwo ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, lílé tí wọ́n ń lé e sí ẹ̀yìn ilé kì í ṣe ti ìkórìíra. Ètò ni wọ́n fi ń ṣe.

Ó yẹ kí a rántí ohun kan sí i. Ní àwọn apá ibì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní ìhà Oǹdó, wọ́n ń fi ajá bọ Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà, ẹran ajá jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní gbangba, tí wọ́n sì fi orúkọ mọ́tò Peugeot 404 ń pè é. Lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ní Ìkẹjà, ẹnì kan lè wà tí ó ka ajá sí ọmọ, ẹnì kejì tí ó kà á sí ọlọ́dẹ, ẹnì kẹta tí ó kà á sí ohun ìrúbọ, àti ẹnì kẹrin tí ó kà á sí ẹran ọbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n san owó oúnjẹ. Òfin tí yóò bá gbogbo wọn lára mu kò lè jẹ́ òfin tí ó gbé ìfẹ́ ọkàn ẹnì kan lékè ti àwọn yòókù.

OHÙN ẸLẸ́SÌN

Agége jẹ́ ìlú tí àwọn mùsùlùmí pọ̀ sí. Òwò obì ni ó kó ọ̀pọ̀ àwọn Hausa wá síbẹ̀ láyé ìgbà tí oko obì kún ibẹ̀, wọ́n sì ti di ọmọ onílé. Nítorí náà, a kò lè sọ̀rọ̀ ajá àti àwo láìgbọ́ ohun tí ìmàle wí.

Hàdíìsì tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí ó ní bí ajá bá ti ẹnu bọ àwo, kí a fọ àwo náà ní ìgbà méje. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí túmọ̀ sí pé ajá fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Mālik, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mùsùlùmí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, ajá tí ó wà láàyè kì í ṣe ẹlẹ́gbin ní ara rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n di òfin fífọ àwo mú. Kùránì pẹ̀lú gba ọdẹ láàyè láti jẹ ẹran tí ajá tí a ti kọ́ bá mú wá. Bí a bá gbé èyí yẹ̀wò, a ó rí i pé ohun kan náà ni ìmàle àti àṣà Yorùbá ń sọ. Ajá lè wà ní oko, ó lè wà ní ẹnu ọ̀nà, ó lè ṣọ́ ẹran ọ̀sìn. Àwo oúnjẹ ni kí ó jìnnà sí.

BÍ ÒKÈÈRÈ TI ṢE É

Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a gba ajá láàyè a máa tọ́ka sí ìlú òyìnbó, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí ìlú òyìnbó ṣe ní tòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015. Òfin náà gba ajá láàyè ní ìta ilé oúnjẹ nìkan. Ajá náà kò gbọdọ̀ gba inú ilé kọjá. Okùn gbọdọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gun orí àga, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gbé oúnjẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Olóńjẹ tí kò bá fẹ́ ajá ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ New York tẹ̀ lé e ní ọdún 2015 kan náà. Ní Ìlú Ọba, òfin kò jẹ́ kí ajá dé ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tàbí tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó fi yàrá ìjẹun sílẹ̀ fún olóńjẹ láti pinnu. Ajá tí ń fọ̀nà han afọ́jú yàtọ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ìdọ́gba ẹ̀tọ́ kò fẹ́ kí a tìtorí irú ajá bẹ́ẹ̀ lé olówó rẹ̀ padà.

Èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń tọ́ka sí òkèèrè kì í sọ. Láti ọdún 1922 ni Ìlú Ọba ti lé àrùn dìgbòlugi kúrò lára ajá rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Amẹ́ríkà kéde pé irú dìgbòlugi tí ń ran láti ara ajá dé ara ajá ti tán nílẹ̀ òun. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ lé àrùn jáde kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ajá. Àwa ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí, a kò wo èyí tí wọ́n tì ṣáájú.

TA NI Ó WÀ NÍNÚ EWU?

Ní Nàìjíríà, dìgbòlugi kò tí ì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, tí ó sì jẹ́ pé Áfíríkà àti Éṣíà ni ohun tí ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti ń kú. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kó o, 99 ni ó ti ara ajá kó o. Orúkọ ìlú wa pàápàá wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: kòkòrò àrùn kan tí ó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi ni wọ́n rí lára àdán ní Èkó ní ọdún 1956, tí wọ́n sì fi orúkọ Lagos pè é, òmíràn ni wọ́n rí ní Ìbàdàn ní ọdún 1968, tí wọ́n fi Mọ́kọ́lá sọ lórúkọ.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ láìfi àbùmọ́ sí i. Dìgbòlugi kì í gba inú ọbẹ̀ gbígbóná dé ara ènìyàn. Itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé e, nígbà tí ajá bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí ó bá lá ojú egbò, ojú tàbí ẹnu. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé itọ́ ajá lè ti ní májèlé náà fún ọjọ́ mélòó kan kí àmì wèrè tó hàn lára rẹ̀. Ajá tí ń ju ìrù lábẹ́ tábìlì lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò ya dìgbòlugi lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Lára ènìyàn, àrùn náà sábà máa ń fara pamọ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ti fara hàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é.

Ta wá ni ó wà nínú ewu jù lọ nínú búkà? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ó lo ìṣẹ́jú ogún lórí bẹ́ǹṣì tí ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ olóńjẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìyá rẹ̀ kò rí ẹni fi í sílẹ̀ fún, tí ó ń ṣeré lábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ojú rẹ̀ àti ti ajá wà lọ́gbọọgba, tí ọwọ́ rẹ̀ àti ẹnu ajá sì jọ ń lọ síbi eegun kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí gé jẹ, 40 ni ó jẹ́ ọmọ tí kò tó ọdún 15. Ọmọ a sì máa fi ọgbẹ́ kékeré pamọ́, nítorí pé ó mọ̀ pé ìyá òun ti kìlọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ikú nìyẹn.

Nítorí náà, bí a bá ń jiyàn bóyá kí ajá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́nu jókòó ti olówó rẹ̀ ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé, ẹ̀ka igi ni à ń gé. Ajá yẹn ti gba abẹ́rẹ́. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì búkà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba pa gbogbo ajá ìgboro. Ìrírí ayé fi hàn pé pípa kọ́ ni ó ń mú dìgbòlugi kúrò; bí a bá pa ti òní, ti ọ̀la yóò gba ipò rẹ̀, láìní abẹ́rẹ́ lára. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a fún ó kéré tán 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mexico ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2019 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ikú tí dìgbòlugi ajá ń fà ti dópin níbẹ̀. Mexico kì í ṣe Ìlú Ọba. Ìlú tí ó ní ajá ìgboro àti olóńjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni, bíi tiwa.

Ilé-iṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní ajá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóru, kí ó kà á mọ́ òṣìṣẹ́: kí ó pèsè oúnjẹ fún un, kí ó fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, kí ó sì fi ìdè sí i lọ́rùn kí a lè mọ ẹni tí ó ni í. Kò bójú mu kí ilé-iṣẹ́ ńlá máa fi eegun àjẹkù olóńjẹ bọ́ ọlọ́dẹ rẹ̀. Ajá tí ó bá yó kò ní wá wo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Olóńjẹ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó ra garawa tí ó ní ìdérí fún eegun àti àjẹkù, nítorí pé ibi tí eegun bá wà ni ajá ń tọ̀. Bí ó bá fẹ́ san oore fún ajá tí ń ṣọ́ ìkòkò rẹ̀, kí ó gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un ní ibi kan pàtó lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ. Àwọn wolé-wolé tí ń yẹ ìkòkò àti omi wò, kí wọ́n yẹ abẹ́ bẹ́ǹṣì wò pẹ̀lú.

Ní ti ilé oúnjẹ ìgbàlódé, kí inú yàrá ìjẹun wà fún ènìyàn nìkan. Bí ó bá ní àyè ní ìta, kí olóńjẹ pinnu fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sára ògiri kí oníbàárà tó wọlé, kí ẹni tí kò fẹ́ lè yà síbòmíràn. Okùn lọ́rùn ajá, ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀: bí èkíní tàbí èkejì kò bá sí, kí ajá padà sílé. Afọ́jú tí ó bá ń fi ajá rìn ni kí a yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ajá rẹ̀ ni ojú rẹ̀, a kì í sì í ní kí ènìyàn fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní paríparí rẹ̀, kí gbogbo òbí ní agbègbè náà mọ èyí sórí: bí ajá bá gé ọmọ jẹ, bí ó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ là ni ayé ti mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà, bí a kò bá fi falẹ̀.

Ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni a fi ṣọ́, kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí a bọ́ ọ, kí a tọ́jú rẹ̀. Kí a sì fi ìdí àwo sílẹ̀ fún ọmọ tí ó mọ ọwọ́ wẹ̀.